Ọ̀gbẹ́ni Kiknadze Kò Sí Nílé

Ọdún méjìlélógún ni Manana Kiknadze fi darí ọkọ̀ ojú irin lórí fóònù ní ìlú Kutaisi, ní ilẹ̀ Jọ́jíà. Ọkọ̀ méjì kò forí sọra wọn rí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìlú wa níbí, ní ilẹ̀ Faransé, aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni ó ń lọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé ìdáná rẹ̀ àti tèmi, ògiri náà kò sì nípọn.

Ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ó máa ń lọ kọ́ Faransé lọ́dọ̀ Ìyáàfin Fayolle, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì. Obìnrin yìí gbà pé ọmọlúàbí ni gbogbo ará ìlú. "Ní ilẹ̀ yìí," ó máa ń wí, "ẹni tí kò bá kí ènìyàn kò tíì sọ̀rọ̀." Ó kọ gbólóhùn mẹ́sàn-án sórí ìwé fún Manana. Ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ ló kún inú wọn. Manana lẹ ìwé náà mọ́ ara fìríìjì.

Nínú oṣù kẹta, ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn àlejò, kí wọ́n lè tún káàdì ìgbélùú rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kí ó mú bíìlì iná wá láti fi hàn pé ó nílé. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo bíìlì náà, ó tì í padà.

"Ọ̀gbẹ́ni Manana Kiknadze ló wà níbí."

"Èmi ni."

"Ọ̀gbẹ́ni ni wọ́n kọ, ìyáàfin. Ilé ọkùnrin lẹ ń gbé nìyẹn. Ẹ lọ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ló gbà yín sílé, kí ẹ sì mú káàdì tirẹ̀ náà dání."

"Ọkùnrin wo?"

"Èyí tó ni ilé."

Orí àtẹ̀gùn ló ti ròyìn rẹ̀ fún mi, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Bí orúkọ obìnrin kò bá sí lórí bíìlì lọ́jọ́ náà, káàdì ti bọ́ nìyẹn, iṣẹ́ alágbàfọ̀ sì ti bá a lọ.

Iléeṣẹ́ iná kò ní ilẹ̀kùn tí ènìyàn lè kàn. Nọ́ńbà ni wọ́n ní. Ẹ̀rọ ló sì ń gbé e.

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ohun tí ẹ bá wá," ẹ̀rọ náà wí.

Manana ka gbólóhùn àkọ́kọ́ Ìyáàfin Fayolle láti òkè dé ilẹ̀.

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa."

Ó tún un kà.

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ẹ dúró lórí ìlà."

Orin bẹ̀rẹ̀, orin kan náà, tó ń yípo bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ọkùnrin kan gbé e. Ó ní Corentin lorúkọ òun.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gbẹ́ni," Manana bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ní ni yín lára, ǹ bá fẹ́ kí ẹ bá mi..."

"Ṣé kò sẹ́ni tó gbọ́ Faransé nílé yín ni?"

"Èmi rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni lẹ kọ mí sí. Ìyáàfin ni mí."

Corentin tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni ni mo rí níbí. Ẹ gbé fóònù fún un."

"Kò sí ọ̀gbẹ́ni kankan."

"Tó bá ti dé, kó pè wá. Ẹni tó ni àdéhùn nìkan la lè bá sọ̀rọ̀. Nítorí ààbò yín ni."

"Lọ́wọ́ ta lẹ ti ń dáàbò bò mí?"

"Lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyáàfin."

Kò bo ẹnu fóònù rẹ̀. Orí sípíkà ni Manana gbé e sí, nítorí náà èmi náà gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri: "Ìyá kan wà lórí ìlà mi níbí, ó ń sọ̀rọ̀ àfi bí ẹni ń jẹ òkúta." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí aago méjìlá lù, ìlà já. Corentin ti lọ jẹun. Ní ilẹ̀ yìí, ilé lè máa jó, oúnjẹ ọ̀sán ni oúnjẹ ọ̀sán.

Ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló kí wọn. Ọ̀gbẹ́ni ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀kan nínú wọn ṣèlérí pé àwọn yóò pe ọ̀gbẹ́ni padà kí ọjọ́ méjì tó pé. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Ìyáàfin Fayolle ní, "Bóyá o ò kí wọn dáadáa."

Nígbà tí ó ku ọjọ́ márùn-ún, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ń yan búrẹ́dì oníwàràkàṣì.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè wọ́n," mo ní. "Ọkùnrin ni mí. Màá ní èmi ni ọ̀gbẹ́ni yẹn."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọkọ̀ ẹrù tó gba ojú irin tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ẹ ṣeun, aládùúgbò. Orúkọ ta ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń jẹ́?"

"Orúkọ yín."

"Ọjọ́ ìbí ta ló ń lò?"

"Tiyín."

"Èmi ni ọ̀gbẹ́ni nìyẹn. Ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó já ìwé tíṣà rẹ̀ kúrò lára fìríìjì, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀.

"Lórí fóònù ojú irin, a kì í kí ara wa," ó ní. "Ọkọ̀ ń bọ̀, ta ló ń bi ẹnikẹ́ni pé ṣé dáadáa ni? Wàá dárúkọ, wàá pàṣẹ, ẹni tó gbà á á tún un sọ, wàá kọ aago sílẹ̀. Ó tán."

Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn nílé, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ibẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà.

"Ẹ káàsán, Maëlle ni mo ń jẹ́, kí ni mo lè..."

"Kiknadze."

"Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Kiknadze!" Oyin ti dé ẹnu rẹ̀.

"Mò ń kó kúrò nílé. Ẹ pa àdéhùn mi. Ẹ ṣí òmíràn fún Ìyáàfin Kiknadze. Ilé kan náà. Òní."

"Kò sí wàhálà, ọ̀gbẹ́ni. Ọjọ́ ìbí yín?"

Ó sọ ọ́.

"Ó ti parí, ọ̀gbẹ́ni."

"Ẹ tún un sọ."

"Kí lẹ wí?"

"Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe. Ẹ tún un sọ."

Maëlle tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ọmọ ilé-ìwé. Manana kọ ọ́ sílẹ̀: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Maëlle. Kò kí i, kò bẹ̀ ẹ́. Maëlle ló dúpẹ́.

Faransé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Lẹ́nu obìnrin, kì bá tó. Lẹ́nu ọkùnrin, ó tó, ó ṣẹ́kù.

"Inú yín á máa dùn báyìí," mo ní.

"Sí kí ni?" Ó gé búrẹ́dì sí méjì. "Ká ní ojú irin wa ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, òkú ì bá sùn lọ rẹpẹtẹ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bíìlì tuntun dé lọ́jọ́ kejìlá. Ìyáàfin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì kà á, ó lu òǹtẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni ńkọ́?" ó bi í.

"Ó ti kó lọ."

"Ẹ̀yà! Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyáàfin."

Ọdún mẹ́ta ló ti ń tò síwájú gíláàsì yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣàánú rẹ̀, ọkùnrin tí a kò bí ni wọ́n torí rẹ̀ kí i pẹ̀lẹ́.

Káàdì náà dé nínú oṣù kẹfà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù dún. Mo gbọ́ ohùn náà lórí sípíkà, mo sì dá a mọ̀. Corentin ni.

"Ẹ káàárọ̀, ìyáàfin. Ọ̀gbẹ́ni Kiknadze la fẹ́ bá sọ̀rọ̀. A fẹ́ kí ó padà sọ́dọ̀ wa. A ní ẹ̀bùn kan fún un."

Manana pa omi ẹ̀rọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gbẹ́ni," ó ní, gẹ́gẹ́ bí Ìyáàfin Fayolle ṣe kọ́ ọ. "Ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ní ni yín lára, ǹ bá fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni kò sí nílé."

"Báwo la ṣe lè rí i?"

"Mi ò lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí ààbò rẹ̀ ni."

Ó pa fóònù. Mo gbọ́ tí ó ṣí dúrọ́ọ̀, tí ó ń wá bírò. Aago ló fẹ́ kọ sílẹ̀.