Ọ̀wọ̀ Tó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Daddy

Gbogbo àwa Yorùbá tá a jọ ń to ẹrù ní Thamesmead, ní London, kí n tó rí iṣẹ́ ìròyìn ṣe, la mọ̀ pé aró ló bo ewú orí bàbá kan tá à ń pè ní Daddy. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló pe ọjọ́ orí rẹ̀ fún fọ́máànù wa. Nígbà náà, ìpolówó iṣẹ́ máa ń kọ ọ́ gbàgàdà pé ẹni tó bá ti ju márùndínláàádọ́ta lọ kó má wulẹ̀ wá, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n má kọ ọ́.

"Ibi tí mo bá dé, orí mi ni wọ́n ń wò," ó sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì. "Bí eléyìí bá bọ́, ta ló tún máa gbà mí?"

Ẹ̀kọ́ ilé wa ló tú àṣírí rẹ̀. Kó tó gbé páálí bísíkíìtì kan, ọ̀dọ́kùnrin Ìbàdàn kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á ti gbà á.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà. Kí làwa wá ń ṣe níbí?"

"Jẹ́ n gbé e, ìwọ ọmọ yìí."

"Kí ìyá mi gbọ́ pé mo ń wò yín níran? Wọ́n á wọ bàálù wá gbá mi létí!"

A rẹ́rìn-ín. Daddy náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fọ́máànù lojú rẹ̀ ń wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fọ́máànù béèrè ìdí tí ọkùnrin yìí kì í fi í gbé nǹkan kan. Ọmọ Ìbàdàn fi òyìnbó gbèjà rẹ̀: "Wọn ò lè gbé e níṣojú wa. Wọ́n ju bàbá mi lọ."

Fọ́máànù wo irun Daddy, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó wá ni bàbá tìẹ?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ní kí Daddy má padà wá mọ́.

"Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni." Ohun tí ọmọ Ìbàdàn ń sọ ṣáá nìyẹn. Òótọ́ sì ni. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, èmi àti ẹ̀ pàdé Daddy ní Woolwich, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò máa já ẹrù. Ó ti kun aró tuntun. Ọmọ Ìbàdàn ti ń dọ̀bálẹ̀ lọ kí Daddy tó di èjìká rẹ̀ mú.

"Dìde, jọ̀ọ́, dìde," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń wò wá."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Kò sí èyí tó lè wo ojú ẹnì kejì.