Ti Olórí Ilé Ni Ìdí Ìkòkò

Gbogbo Agége ló mọ ìtàn ẹ̀wà tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkẹjà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Làsísì káfíńtà so ààrò onírin kékeré mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kó èédú sí i, ó ṣáná sí i, ó gbé ìkòkò ẹ̀wà lé e, ó fi okùn de ọmọrí rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ. Èéfín ń tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ń tẹ̀ lé èéfín, títí ọlọ́pàá kan fi nawọ́ dá a dúró.

"Bàbá, iná ń jó lẹ́yìn yín!"

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Ẹ̀wà ò tíì rọ̀."

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú o. Ìyàwó rẹ̀, Sàídátù, ló kú, tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Suara, Sùlíyá àti Mùíbì. Ni ẹ̀gbọ́n Làsísì obìnrin, Ojúọlápé, bá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ.

"Ta ni yóò máa dáná fún wọn, Làsísì?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ tí o kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí nínú ilé ara rẹ?" Àmọ́ nígbà tó rí ojú àbúrò rẹ̀, àánú ṣe é. "Ó dáa. Mò ń bọ̀ nígbà Iléyá. Bí mo bá bá wọn tí wọ́n rù, inú ọkọ̀ ojú irin ni mò ń kó wọn sí."

Làsísì fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn bí ẹyinjú, ló bá kó iṣẹ́ káfíńtà wọ ilé ìdáná. Rúlà ló fi ń wọn ẹran, kí ìjà má bàa wà. Èyí tó bá gùn jù, á gé orí rẹ̀, á sì sọ ọ́ sẹ́nu ara rẹ̀. Suara, àkọ́bí, ní àgbà ló yẹ kó mú èyí tó tóbi.

"Ṣé o ti rí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ rí, tó sì dúró?" ni baba rẹ̀ bi í.

Ẹ̀wà kì í tètè rọ̀, iṣẹ́ kì í sì í dúró de ẹ̀wà. Ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí iná súnmọ́ pákó, torí náà ìdí igi máńgòrò lẹ́nu géètì ni ìkòkò ti ń hó títí di ọ̀sán, kí Làsísì tó sáré gbé e padà sílé pàdé àwọn ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò kọ́ rí: ìgbà tó yẹ kó sọ ìkòkò kalẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀wà ń jó. Á bu òkè tó dára fún àwọn ọmọ, á ha ìdí ìkòkò sínú àwo tirẹ̀, á wá máa mirí bí ẹni ń lá oyin.

"Bàbá, ẹ fún wa díẹ̀ níbẹ̀."

"Ti olórí ilé nìyí. Ẹ ò tíì dàgbà tó."

Iléyá dé, Ojúọlápé dé. Làsísì ń fọ́nnu nípa ọbẹ̀, nípa ẹ̀wà, nípa gbogbo ohun tó ń sè. Ibi tó ti ń fọ́nnu ni òórùn ìjóná ti gba ilé. Ojúọlápé wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ àwọn ọmọ. Àyà Làsísì já. Ó bu òkè fún àwọn ọmọ àti àlejò, ó sì ha ìdí fún ara rẹ̀.

Ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rọ̀gbà yí i ká. Mùíbì, àbíkẹ́yìn, ń sunkún: "Ẹ kàn jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, Bàbá!"

Ojúọlápé yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ tó kún. Ó wo àwo àbúrò rẹ̀ tó dúdú bí èédú, àti ẹ̀rín tó wà lójú ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Làsísì, gbé ìkòkò yẹn wá, kí n bá ọ fọ̀ ọ́."

Nígbà tí Làsísì papòdà, Suara náà ti di baba ọmọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, Sùlíyá se ẹ̀wà, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jó, ó sì ha ìdí ìkòkò síwájú Suara.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni olórí ilé báyìí."

Suara ti dúró de ọjọ́ yìí láti kékeré. Ó bù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀.

"Ó korò," ló wí.

Sùlíyá tọ́ ọ wò, Mùíbì tọ́ ọ wò. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Baba wọn mà fẹ́ràn wọn o.

Ọmọbìnrin kékeré tí Suara bí na àwo rẹ̀. "Bàbá, ẹ fún mi díẹ̀ níbẹ̀."

Suara gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó mirí bí ẹni ń lá oyin.

"O ò tíì dàgbà tó," ló wí.