Ìwúkàrà Àbúrò Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun fún gbogbo àdúgbò nirun orí tirẹ̀ wá re tán pátápátá. Abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gún fún un nílé ìwòsàn ló fà á. Kò fi fìlà bò ó. Ó jókòó síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọwọ́ pa orí, ó ní, "Ẹ wá wo bí iṣẹ́ mi ṣe mọ́ tó." Ẹ̀rín pa àwọn oníbàárà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ò lè rẹ́rìn-ín. Láàbù ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwúkàrà ló ń tọ́jú níbẹ̀, irú èyí táwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ ń yọ èròjà kan lára rẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dáàbò bo ara aláìsàn. Ìtànṣán táwọn dókítà tún fi ń pa jẹjẹrẹ kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́; ó máa ń já DNA, okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì, títí kan ti sẹ́ẹ̀lì tí ò ṣẹ̀ ẹ́.

"Àbúrò, bu díẹ̀ wá níbẹ̀, kí n pò ó mọ́ tíì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, rárá o. Inú abọ́ dígí la ṣì ti ń dán an wò, a ò tíì fún ẹnikẹ́ni mu."

"Ẹ ń fi ṣúgà bọ́ ìwúkàrà lójoojúmọ́, ẹ wá ń fi ebi pa mí."

"Tẹ́ ẹ bá wá wú bíi búrẹ́dì ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

"Ó dáa, kí ni mo lè ṣe fún yín?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ẹ̀jẹ̀ yín la lè lò, tí dókítà bá gbà."

Dókítà ní kó di ìgbà tí ìtọ́jú bá parí, tí ara rẹ̀ bá mókun. Nígbà tó yá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n pín in sọ́nà méjì. Wọ́n po èròjà ìwúkàrà mọ́ apá kan, wọ́n wá tan ìtànṣán sí méjèèjì. Sẹ́ẹ̀lì tí DNA rẹ̀ bá já máa ń yọ ìrù bí okùn tó tú, lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ yọjú wò ó. Nínú apá tí kò ní èròjà, ìrù gbọọrọ ló kún ibẹ̀. Nínú èyí tó ní èròjà, ìrù náà kúrú, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní.

"Ṣé èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni o, ọ̀nà ṣì jìn."

"Mo gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn oníbàárà rẹ̀ wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kálukú wọn ló ń béèrè ìgbà tí òun máa rí ìrù tòun.