Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ fún Bàbá Alárìíwísí

Ìwọ náà mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀nà Másífà, níbi tí òórùn ọ̀dà ti ń pàdé ènìyàn kí ó tó rí ọjà. Òórùn ọ̀dà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tà á débi pé bí ọ̀bẹ bá gé mi, bóyá ọ̀dà ni yóò ṣàn jáde dípò ẹ̀jẹ̀. Òórùn tí ó ń lé mi wọlé ni ti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kun ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi, màá wọ inú lọ, màá ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Èmi tí kò sí ohun tí kì í pa lẹ́rìn-ín, òórùn yẹn kì í pa mí lẹ́rìn-ín.

Bàbá kan ni ó fà á. Tíṣà tó ń kọ́ni ní àwòrán yíyà ni Bàbá ní Àbíjàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wálé sí Èjìgbò. Bàbá Alárìíwísí ni gbogbo wa ń pè wọ́n, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yà, gbẹ́, tàbí mọ ní ìlú yìí tí Bàbá kò ní dúró wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni “Sẹ pá sa”, Faransé ni, pé kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò pàápàá mọ̀ ọ́n, wọ́n fi ń ṣeré. Ọkùnrin kan ti Àbíjàn dé, ó mọ kìnnìún méjì sí ẹnu géètì. Bàbá wò wọ́n títí, wọ́n ní, “Sẹ pá sa. Ológbò tí eyín ń dùn nìyí.” Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn gan-an, wọ́n wo áńgẹ́lì tí wọ́n yà sára ògiri, wọ́n bi pásítọ̀ pé, “Ṣé ìyẹ́ yìí lè gbé ikùn yìí?” Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò sí ohun tó dùn tó àríwísí, bí kò bá ti jẹ́ tìrẹ.

Tèmi náà dé. Mo ní kí mọlémọlé kan láti Ìsúndúnrìn bá mi fi sìmẹ́ńtì mọ erin síwájú ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn ará wa tó ń ti Àbíjàn bọ̀ fẹ́ràn erin, àmì ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ̀, bí ẹni pé erin ló bí wọn. Mo kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú, mo pe Alùfáà wá ṣe àdúà, mo pín bisikíìtì. Ẹnu àdúà la wà tí Bàbá dé. Wọ́n yí erin náà po lẹ́ẹ̀mejì.

“Sẹ pá sa,” ni wọ́n wí. “Ìyá Ọlọ́dà, orúnkún ajá ni wọ́n fún erin rẹ. Bí ó bá gbìyànjú àtirìn, yóò ṣubú lu oníbàárà.”

Alùfáà fẹ́ ṣe àmín, ẹ̀rín ló jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún àlejò pé, lọ sí ibi Olórúnkún Ajá. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá padà wá. Wọ́n ní kí n ránṣẹ́ pe mọlémọlé náà, àwọn yóò fi hàn án bí ẹsẹ̀ erin ṣe ń ká, kí a fọ́ orúnkún náà, kí a tún un mọ. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.” Mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ṣùgbọ́n mo ti so ó mọ́ etí aṣọ.

Ìyàwó Bàbá ló kọ́kọ́ kú. Ní gbogbo ọdún tí Bàbá àti àwọn ọmọ fi wà ní Àbíjàn, Ìyá ló dúró ti ìyá ọkọ wọn nílé; iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń jókòó bó ẹ̀pà jẹ lójoojúmọ́. Ìyá kò mọ bí a ṣe ń pa ẹnu dé. Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, apá òsì ẹnu ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò fa ojú òsì pa dé, kí apá ọ̀tún tó gbọ́ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Wọn kò sì fẹ́ràn fọ́tò. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà ni ti pásípọ́ọ̀tù, tí wọ́n yà nítorí ìrìn àjò Àbíjàn kan tí àìsàn ìyá ọkọ kò jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì kún ibẹ̀. Páànù pẹlẹbẹ kan fi ara ti ògiri, Bàbá ti ya Ìyá sórí rẹ̀ láti gbé e sí sàréè. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù náà wà lórí àga.

“Ìyá Ọlọ́dà,” ni Bàbá wí, “èmi ni mo fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìwọ lo rí i. Àwọn tó kù yóò tàn mí nítorí ọjọ́ orí. Ahọ́n rẹ yẹn ni mo bẹ̀ wá. Ṣé òun nìyí?”

Mo wò ó. Ọwọ́ Bàbá dára o. Gèlè, ìlà ojú, àwọ̀ ara, gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹnu pa dé, ọrùn le gbagidi, bí ẹni tí kọ́sítọ́ọ̀mù dá dúró ní bọ́dà tí wọ́n ní kí ó tú ẹrù rẹ̀. Ojú pásípọ́ọ̀tù ni Bàbá yà, kì í ṣe ojú Ìyá. Bí mo ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni orúnkún erin wá sí mi lọ́kàn.

Mo ní, “Háà, Bàbá! Àwọn gan-an nìyí. Ó kù kí wọ́n sọ̀rọ̀.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Wàláì, sà.”

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n ti búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ wọn bọ inú agolo kẹrosíìnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Mo dúró, mo ń wo bí ọ̀dà ṣe ń tú jáde bí èéfín. Ó ṣì ṣeé sọ nígbà náà. N kò sọ ọ́.

Má rò pé àánú ni. Àwọn obìnrin àdúgbò tí mo sọ ọ́ fún ní mo ṣe dáadáa, pé ta ni yóò ba arúgbó nínú jẹ́. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí ìlú rí i kí wọ́n fi Bàbá rẹ́rìn-ín, kí Bàbá náà mọ bó ṣe ń rí lára. Wọ́n gbé àwòrán náà sí sàréè, mo jókòó de ẹ̀rín náà, kò wá. Létí sàréè, ta ni yóò ní kò jọ ọ́? Kàkà bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tí Bàbá ti bá wí rí ń kọjá, wọ́n ń ní ó dára, Bàbá sì ń dá wọn lóhùn pé, “Ìyá Ọlọ́dà ló jẹ́rìí sí i. Ìyẹn kì í fi ẹnu pọ́n ènìyàn lásán.”

Lọ́jọ́ kan, Bàbá wá jókòó sí ibi tí Ìyá máa ń jókòó sí. Wọ́n ní, “O ní ó kù kó sọ̀rọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń kí i. Kò dá mi lóhùn.”

Mo ní, “Bóyá Faransé lẹ fi ń kí wọn, Bàbá. Wọn ò gbọ́ Faransé.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wo ẹnu mi! Kí òjò ọdún yẹn tó dá, Bàbá kú, wọ́n sì sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbíkẹ́yìn wọn obìnrin wá ra ọ̀dà tí wọn yóò fi kun sàréè méjèèjì. Kò tí ì pààrọ̀ eyín nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Àbíjàn. Ìgbà tó sì fi wálé, ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló bá. Ohùn orí fóònù nìkan ló mọ̀. Ó ní, “Tàńtí, wọ́n ní ẹ sún mọ́ Màmá. Mo ti fi àwòrán tí Bàbá yà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi, kí wọ́n mọ ìyá àgbà. Ṣé bí Màmá ṣe rí nìyẹn?”

Mo ní, “Rárá, ọmọ mi.” Mo sọ ti ẹ̀rín apá òsì fún un. Mo gbìyànjú láti fi ẹnu ara mi ṣe é, kò ṣeé ṣe.

Ó wò mí. “Ta ló wá sọ fún Bàbá pé ó jọ wọ́n? Wọn ì bá tún un yà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni Bàbá ń tún nǹkan yà.”

“Èmi ni.”

“Kí ló dé, Tàńtí?”

Mo nawọ́ sí erin. Ó wò ó, kò yé e. Báwo ni yóò ṣe yé e? Ó gbé ọ̀dà rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ránṣẹ́ sí mọlémọlé Ìsúndúnrìn. Ó wá, ó fọ́ orúnkún erin. Ìgbà tó fọ́ ọ tán ló wò mí, tí èmi náà wò ó: kò sí ẹni tó mọ bí ẹsẹ̀ erin ṣe ń ká nínú àwa méjèèjì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí o bá kọjá, wàá rí i, irin ti yọ ní orúnkún rẹ̀, pákó ni mo fi tì í kó má baà wó. Àwọn ènìyàn tún ń fi rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo wá mọ̀ nípa Bàbá ni pé wọn a máa sọ òkò ọ̀rọ̀ luni, ṣùgbọ́n wọn a padà wá lọ́jọ́ kejì láti bá ọ tún un ṣe. Èmi, mo ní ahọ́n bíi tiwọn, mo sì fi í pamọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n wá yá a lọ́wọ́ mi. Sẹ pá sa. Gbogbo ohun tí Bàbá fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi kò ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ, ọ̀dà kò sì tí ì gbẹ nígbà náà.