Ààwẹ̀ Sẹ́kọ́ńdì

Ọdún méje ni Ambrose Mákánjúọlá fi gbé Sẹ́kọ́ńdì láìwọ bàtà. Ìlú etí òkun ni, ní ilẹ̀ Gáná, iyanrìn ibẹ̀ a sì máa jóni lẹ́sẹ̀ bí ọ̀sán bá pọ́n. Ṣùgbọ́n ìjọ aládúrà tó rán an lọ kò gba bàtà mọ́ aṣọ funfun, aṣọ funfun sì ni Ambrose ń wọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yi bí awọ. Bó bá tẹ ẹ̀gún, ẹ̀gún ló ń kán.

Ọmọ Igbotako ni. Káfíńtà. Ikùn rẹ̀ wú lọ́dún 1958, wọ́n gbé e lọ sílé àdúrà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Nígbà tó di 1962, tí àwọn àgbà ìjọ béèrè ẹni tí yóò lọ sí Gáná, ọwọ́ Ambrose ló kọ́kọ́ gòkè. Ọwọ́ ti wà lókè kó tó rántí pé òun níyàwó.

Morádéyọ̀ nìyàwó náà, ọmọ Òde-Ayé. Elépo ni. Ó ní ẹkù tirẹ̀ létí odò, ibi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ń dà á sínú igi gbígbẹ́ tó dà bí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí epo lè jáde. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún ọkọ̀ náà.

"Ọdún méjì péré ni," Ambrose wí fún un.

Ọdún méjì.

Ní Sẹ́kọ́ńdì, agogo ló ń dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn agogo, gbígbá àgbàlá. Lẹ́yìn gbígbá, àdúrà sí omi fún àwọn aboyún, kíkí àwọn aláìsàn, fífọ aṣọ funfun nínú omi búlúù. Ẹ̀wà ló ń sè fúnra rẹ̀, tàbí kó ra kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo ti Gáná, àti ẹja díndín lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fàńtí. Oníṣòwò Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ, ará Ẹ̀jìgbò pàápàá. Àgbà wọn, Bàbá Àlàmú, ń ta àwo tánganran. Bí èdè Ìkálẹ̀ ilé rẹ̀ bá bọ́ lẹ́nu Ambrose, Bàbá Àlàmú a wo òkè: "Ajíhìnrere, ṣé èdè áńgẹ́lì nìyẹn?"

Wọ́n a rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí i. Ní Igbotako, ẹni tí àga rẹ̀ bá ń mì ló ń wá Ambrose. Ní Sẹ́kọ́ńdì, Bàbá ni.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wálé, ní 1964. Ọjọ́ mẹ́wàá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí Mildred, ọmọbìnrin rẹ̀. Inú fọ́tò ló ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà Morádéyọ̀ dé ní oṣù kìíní ọdún 1967. Tíṣà kan ló bá a kọ ọ́. "Mo ń bọ̀, èmi àti Mildred. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé kọ sínú ìwé."

Ambrose mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó dá a lójú pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹ máa bọ̀ nílé. Kí lọ̀rọ̀ mìíràn tí obìnrin lè rù kọjá ilẹ̀ mẹ́ta? Ó sì mọ ara rẹ̀. Bí Morádéyọ̀ bá gbé oúnjẹ ka iwájú òun, tó jókòó, tó fi ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sọ ọ́, òun yóò palẹ̀ mọ́. Òun yóò padà sídìí àga tó ń mì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde níwájú ìjọ. Ó ní Olúwa bá òun sọ̀rọ̀ lóru. Ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ jẹ ohun tí a fi iná sè. Kò gbọdọ̀ bá obìnrin gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Kò gbọdọ̀ bá ará ilé rẹ̀ sọ ju ìkíni lọ.

Ìjọ ṣe àmín.

Olúwa kò bá a sọ̀rọ̀ rárá. Lóru tó tọ́ka sí yẹn, ó sùn fọnfọn.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni Morádéyọ̀ dé. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò nínú lọ́rì. Mildred wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Ẹrù rẹ̀ kún iwájú ilé ìjọ: agolo epo, ẹja àrọ̀ yíyan, pupuru mẹ́jọ. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a mọ róbótó, tí a yan títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. Oúnjẹ ilé. Ìkòkò méjì tún wà níbẹ̀, àti ọmọ odó.

"Ọmọ odó!" Bàbá Àlàmú pariwo. "Ìyá, ta ní í gbé ọmọ odó lọ kí ènìyàn? Ṣé ẹ gbọ́ pé a kì í gúnyán ní Gáná ni?"

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. "Bàbá Mildred, kí ló dé tí ẹ dúró lókèèrè bí ẹni tó ń yá iná?"

Ambrose káwọ́ sẹ́yìn. Bàbá Àlàmú ló bá a dáhùn. "Ààwẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ má bínú. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pè é."

Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀. "Ọlọ́run?"

"Ọlọ́run ni," Ambrose wí.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó Bàbá Àlàmú ni Morádéyọ̀ sùn sí. Ó gún pupuru. Láti inú yàrá àdúrà, Ambrose ń gbọ́ ọmọ odó, ó ń gbóòórùn èéfín ilé. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò ló jẹ ẹ́. "Èyí tó ń rùn bí àjà yìí, ó mà dùn o!" Ẹ̀pà àti ọsàn ni Ambrose jẹ nírọ̀lẹ́. Mildred a máa wá mi agogo rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Bàbá Alágogo.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀, Morádéyọ̀ di ẹrù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa gbàdúrà fún wa." Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kọ, kò sọ ọ́. Ó gbé ọmọ odó rẹ̀, ó lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ogun abẹ́lé dé Ọrẹ, ìlú tó wà nítòsí wọn. Morádéyọ̀ gbé Mildred pọ̀n, ó sá wọ irà, ó sun òru mẹ́rin ní abúlé apẹja kan. Oṣù méjì kọjá kí Ambrose tó gbọ́. Lẹ́yìn èyí, kò lè gbọ́ ariwo ọmọ láìdúró.

Ní ìparí 1969, ìjọba Gáná ní kí àjèjì tí kò níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ambrose gbé àpótí kan àti agogo rẹ̀, ó wálé.

Morádéyọ̀ tọ́jú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò tọ́jú rẹ̀. Iṣu, ìrẹsì, gàrí, ó ń fi ìdérí bo àwo rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ gbé e fún un. "Ẹ jẹun o, Bàbá Ajíhìnrere." Kò pè é ní Bàbá Mildred mọ́. Kò bá a jẹun. Pupuru kò sì wọ ilé.

Ambrose bi í léèrè lọ́jọ́ kan. "A kì í jẹ pupuru nílé yìí mọ́ ni?"

"Mo rò pé ẹ̀yin kì í jẹ ẹ́ ni." Kò rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kejì ọdún 1970, ìjọ Igbotako ṣe ìdúpẹ́. Alàgbà Ajíbóyè, olórí ìjọ, ní kí Ambrose jẹ́rìí ààwẹ̀ Sẹ́kọ́ńdì. Òkìkí ààwẹ̀ náà ti dé ilé ṣáájú rẹ̀: obìnrin kan tó yàgàn fún ọdún mọ́kànlá lóyún lẹ́yìn ààwẹ̀ náà. Ambrose dìde. Ó sọ ọ́. Pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú òru, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Olúwa.

"Ẹ wo ìyàwó rẹ̀!" Alàgbà Ajíbóyè fò sókè. "Obìnrin tó rìn tó bẹ́ẹ̀, tó padà láìráhùn! Ìyá Ajíhìnrere, ẹ dìde ká rí yín!"

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Morádéyọ̀ dìde. Ó wo ilẹ̀ títí ìpàtẹ́wọ́ fi tán. Ó jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ambrose fi aṣọ funfun kọ́ ara ògiri, ó wọ ṣòkòtò káfíńtà rẹ̀ àtijọ́, ó lọ sí ẹkù. Ìyá àgbà kan, Jẹ́jẹ́lọlá, tí òun náà ń ṣe epo níbẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i, ó ń da ẹyìn gbígbóná sínú ọkọ̀.

"Yéè, áńgẹ́lì bọ́ aṣọ! Bàbá, ṣé epo lẹ wá gbàdúrà sí? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má dì." Ó wo ojú rẹ̀. Ó wo ojú Morádéyọ̀. Ó gbé agbè, ó gba ọ̀nà odò lọ.

Morádéyọ̀ ń koná lábẹ́ àgbá. Kò yíjú.

"Mi ò gbọ́ ohùn kankan," Ambrose wí.

"Ohùn wo?"

"Ti Sẹ́kọ́ńdì. Èmi ni mo hùmọ̀ ààwẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé wàá ní kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ̀rù bà mí pé màá tẹ̀ lé ọ."

Igi tí Morádéyọ̀ mú lọ́wọ́ dúró lẹ́nu iná títí orí rẹ̀ fi gbiná. Ó jù ú sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kí o máa bọ̀ nílé?"

Ó nawọ́ sí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ẹyìn.

"Ọkọ̀ yìí, ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni. Ìyá rẹ..."

"Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá ló ni ín. Mo tà á fún un kí n tó wọ lọ́rì. Bí wọn ò bá lò ó ni mo ń tọrọ rẹ̀. Mo gbé ìkòkò mi. Mo gbé ọmọ odó mi. Mo wá bá ọ gbé ni, ìwọ ọkùnrin yìí! Mo ní ibi tí ọkọ mi bá wà, ibẹ̀ ni ọmọ mi máa wà. O ní Ọlọ́run ni."

Ọmọ odó. Ambrose rí gbogbo ẹrù yẹn lọ́jọ́ náà, kò sì bi í léèrè.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wá ohun tí mo ṣe tí Ọlọ́run fi lé mi padà," Morádéyọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò dá. Èmi náà gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Nínú irà yẹn, pẹ̀lú Mildred lẹ́yìn mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú mọ́."

Ambrose kúnlẹ̀ sínú èérí ẹyìn. Morádéyọ̀ kò wò ó.

"Dìde. Ẹyìn ń tutù. Bọ́ sínú ọkọ̀."

Ó bọ́ sínú ọkọ̀. Ẹyìn gbóná. Ẹsẹ̀ tí iyanrìn òkun kò lè jó, ẹyìn jó o. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ro ó. Lọ́sàn-án, Morádéyọ̀ tú ewé. Pupuru ni, àti ọbẹ̀ ẹja. Òun nìkan ló jẹ ẹ́ tán níṣojú Ambrose.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi," ó wí, ó ń nu ọwọ́, "ta ni yóò sọ fún wọn?"

"Èmi ni."

"Ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi, òun ni kó gbọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Morádéyọ̀ gbé odindi pupuru kan, dúdú, róbótó, sórí àjà ìdáná. Kò gún un. Láràárọ̀ ni Ambrose ń rí i níbẹ̀ kó tó lọ tẹ ẹyìn. Títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ambrose fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀. Ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́. Epo kò kúrò láàárín èékánná. Nígbà tó dìde níwájú ìjọ, gbogbo ojú wálẹ̀ síbi tí aṣọ funfun parí sí.

"Ajíhìnrere," Alàgbà Ajíbóyè rọra béèrè, "kí ló pọ́n lẹ́sẹ̀ yín báyìí?"

Morádéyọ̀ wà ní àga kejì láti ẹ̀yìn, Mildred lórí itan rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀," Ambrose wí.