Àgbo Tí Ìyá Adéoyin Kò Sọ Ìdí Rẹ̀

Àgbẹ̀ àgbàdo ni Sàláwù ní Odomèta, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un ní Kútọnu pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi Dókítà Prudence ni pé ṣé àìsàn náà á jẹ́ kí òun kórè.

Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni dókítà obìnrin yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe, kí ó lè máa pa àrùn láì na aláìsàn mọ́lẹ̀. Sàláwù gbà kí wọ́n dán an wò lára òun. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá kan ẹnu rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fún un, kó má sì mu àgbo rárá. Ọ̀rọ̀ náà yé e dáadáa. Lọ́dún tó dán irúgbìn àgbàdo tuntun wò, ọ̀tọ̀ ló gbìn ín, kò jẹ́ kí hóró kan ti àtijọ́ bọ́ sáàárín rẹ̀.

Oṣù méjì kọjá, ara ti ń mókun. Ìgbà náà ni Ìyá Adéoyin, àbúrò bàbá rẹ̀, wá kí i láti Okpomèta tòun ti ìkòkò àgbo. Ìyá bu ú, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ta ni yóò dá irú ife bẹ́ẹ̀ padà fún àgbà? Sàláwù gbé e mì. Kò tíì gbé ife sílẹ̀ tó fi rántí ohun tí dókítà sọ.

Ó lè pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó ro ti àwọn aláìsàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí irọ́ rẹ̀ lè kó bá, ó sì kọ ọ́ sínú kàyé. Nígbà tí Ìyá gbọ́, ó fajú ro díẹ̀, ó wá ní, "Èmi ni mo fún ọ. Èmi náà ni màá lọ jẹ́jọ́ rẹ̀."

Ní Kútọnu, dókítà ka kàyé náà, ó mirí. "Ìyá, ewé wo lẹ fi sè é? Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, n kò lè jẹ́ kí ọmọ yín máa lo oògùn yìí lọ."

Ó ti tó ogójì ọdún tí gbogbo Okpomèta ti ń bẹ Ìyá Adéoyin pé kó sọ ewé yẹn, kò dá ẹnì kan lóhùn. Ẹ̀rù ba Sàláwù gidi.

"Ewé ìbẹ́pẹ ni," ni ìyá wí nígbẹ̀yìn. "Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ mi ni mo ti ń já a."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó béèrè iye ife tó mu, ó fa ẹ̀jẹ̀ Sàláwù yẹ̀ wò. Ó ní kó dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kó máa bá ìdánwò náà lọ.

Bí wọ́n ṣe jáde, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Sàláwù ṣubú. "Ìyá, bí Okpomèta bá gbọ́ èyí, wọn ó fi yín rẹ́rìn-ín títí."

"Kí wọ́n máa rín in," ni ìyá dáhùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ ṣáà wà níbẹ̀ kí o bá wọn rín in."