Epo Tí Ìyá Mi Fọ̀ Mọ́

Ìyá mi kì í gba ẹ̀fọ́ láyè nínú ọbẹ̀ títí ẹ̀fọ́ náà yóò fi jẹ ìyà tó tọ́ sí i. Yóò kọ́kọ́ gé e, yóò fọ̀ ọ́, yóò tún un fọ̀, yóò da omi gbígbóná lé e lórí, yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó fẹ́ sá. Omi aláwọ̀ ewé tó bá jáde, inú gọ́tà ló ń lọ. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, pé ọ̀lẹ obìnrin ló ń se ẹ̀fọ́ tí kò fún. Nínú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, ẹni tó bá sì ń bá ọbẹ̀ tó dùn jiyàn, ebi ò tíì pa á ni.

Nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ọ̀rá pọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru díẹ̀, kó rọra máa jẹ epo àti iyọ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fi nǹkan mọ ní díẹ̀. Ó dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, ó ní pupa tó wà nínú epo gan-an ni ọ̀tá. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ se ọbẹ̀, yóò da epo pupa sínú ìkòkò, yóò dé e pa, yóò gbé e lé iná títí èéfín yóò fi gba gbogbo ilé, tí àwa yóò máa wúkọ́. Nígbà tó bá ṣí i, epo ti mọ́ bí òróró. Àwọn tó ń se ọbẹ̀ ọ̀fadà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tiwa di ojoojúmọ́. Yóò fi ṣíbí bu epo náà sókè, yóò fi hàn mí.

"Wò ó, mo ti fọ̀ ọ́ mọ́ fún bàbá ẹ."

Ẹyin kúrò nílé. Ẹ̀dọ̀ kúrò. Ẹnìkan ní ṣúgà wà nínú máńgòrò, máńgòrò náà bá wọn lọ. Ó ku búrẹ́dì, gààrí, ìrẹsì, àti ẹ̀fọ́ tí a ti fún ẹ̀mí rẹ̀ dànù. Nǹkan bí ọdún méjì ni bàbá mi fi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ìyá mi, kì í sọ̀rọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tó ní, "Ọbẹ̀ yìí dùn o. Àwọ̀ ẹ̀ nìkan ló ṣàjèjì sí mi."

Iná mọ́tò ni bàbá mi ń tà ní ọjà Ládìpọ̀, àwọn iná iwájú tí wọ́n ti lò rí lókè òkun. Bí ẹ bá gbé èyí tó fọ́ wá fún un, yóò wo nọ́ńbà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní í lo awò ojú, yóò sì sọ fún yín irú ọkọ̀ tí wọ́n tú u kúrò lára rẹ̀. Èmi yá ilé sí Yábàá, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo sì máa ń lọ bá wọn ní Sátidé. Lọ́jọ́ kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí a lè jọ máa lọ sílé. Oòrùn ò tíì wọ̀, ó ti ń ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Dádì, ẹ ti ń palẹ̀mọ́ báyìí? Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ yín ṣì ń tajà."

Ó ní ọjà ò sí. Irọ́ ni, èrò kún ibẹ̀.

Nígbà tí a máa fi dé òpópónà ilé wa, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó di èjìká mi mú. Bàbá mi, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń sọdá odò. Síbẹ̀, ó kọsẹ̀ létí gọ́tà tí èmi ń rí kedere. Ẹnìkan kí i láti ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló kọjú sí.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó ń ka nọ́ńbà wínníwínní lọ́sàn-án, kí ló dé tí kò rí gọ́tà nírọ̀lẹ́? Mo bi ìyá mi léèrè, ó jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí bàbá ti lọ kí ìrun Mágàríbù ní mọ́ṣáláṣí kẹ́yìn, pé ilé ló ti ń kí i báyìí. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí rò pé ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ó jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ó yá a lára ju kí wọ́n mọ̀ pé kò rí ọ̀nà lọ.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ìpọ̀nrí, ó wá lọ́jọ́ kejì. Ó ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ kó tó jókòó.

"Dádì, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ ká ta ṣọ́ọ̀bù yẹn, kẹ́ ẹ lọ máa sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ orí ni, kò sí nǹkan míì. Mo tiẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ rà á."

Inú bí mi. Kò sí ohun tí a kì í kó lé ọjọ́ orí lórí nílùú yìí. Bí àgbàlagbà bá ń wúkọ́, ọjọ́ orí ni. Bí bàtà bá ń há a lẹ́sẹ̀, ọjọ́ orí náà ni. Mo wo bàbá mi. Àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, mo sì mọ̀ pé bí a bá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó ń mú un jí láàárọ̀ la gbà yẹn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù. Àìsàn là á wò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú."

Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù kò ní dúró kọjá ìparí oṣù tó ń bọ̀.

Dókítà tó yẹ bàbá mi wò kò dàgbà jù mí lọ. Ó fi iná wo inú ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní àìsàn tó máa ń fọ́ ojú àgbà, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, kọ́ nìyí. Ó ní ojú náà gbẹ. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí a ò retí.

"Bàbá, kí lẹ máa ń jẹ nílé?"

Ìyá mi ló dáhùn. Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ bó ṣe ń fọ epo mọ́, bó ṣe ń fún ẹ̀fọ́, bó ṣe lé ẹyin jáde. Dókítà náà gbọ́ ọ títí dé òpin, kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ tọ́jú wọn," ló sọ. "Ṣùgbọ́n nínú pupa epo yẹn ni ara ti ń rí fítámìnì A, òun sì ni ojú fi ń ríran tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bẹ́ ẹ bá ti jó o títí ó fi funfun, ó ti lọ nìyẹn."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ bàbá, èsì rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ náà mu. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò lò fún ìgbà díẹ̀, ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe lọ ra òmíràn kún un, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ ń pani lára. Ó ní oúnjẹ ni yóò ṣe ìyókù: epo pupa díẹ̀ tí a ò jó, ẹ̀fọ́ tí a ò fún, ẹyin, ànàmọ́ tí inú rẹ̀ pọ́n, máńgòrò bí àsìkò rẹ̀ bá tó. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ ni kí a dojú kọ.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wa lọ sílé. Nínú rẹ̀, ìyá mi ní, "Ṣé èmi ni mo wá ń fọ́ ojú ọkọ mi?" Omi ti kún ojú rẹ̀.

Bàbá mi ń wo ìta. Ó ní, "Ìwọ nìkan kọ́. Èmi tí mo rí i pé ọbẹ̀ ò láwọ̀ mọ́, tí mo panu mọ́ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ wá kù sí ilé ìdáná, kò sì rọrùn. Ọwọ́ tó ti ń fún ẹ̀fọ́ láti kékeré kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a fọ ewé náà lódindi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gé e, ata ti ń hó lórí iná. Kí n tó yíjú padà, ìyá mi ti kó gbogbo rẹ̀ sáàárín ọwọ́, ó ti ń fún un. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi mí sílẹ̀ jàre," ló sọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó ń ṣe mí bí ẹni ń ṣọ̀lẹ."

Ó da ẹ̀fọ́ náà sínú ata. Ó bu epo pupa ṣíbí kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí ẹni tó fẹ́ jalè, ó tú u sí i. Nígbà tí a gbé abọ́ síwájú bàbá mi, tó ṣí i, kò tíì fọwọ́ kan ṣíbí. Ó tẹjú mọ́ inú abọ́ náà.

"Ẹ kú àbọ̀ o," ló sọ fún ọbẹ̀ náà.

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ìyá mi ti ń sọ ọ́ fún wa láti kékeré. Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè bá ojú náà ṣọ̀rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a tó tan iná, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbé nǹkan sókè. "Kí ni mo mú dání?" Bàbá mi yóò ní, "Wàhálà ni." Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, a ò rí ìyàtọ̀. Mo ń fi ẹnu gba ìyá mi níyànjú, ọkàn mi ò balẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tí ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù dá, ẹ̀gbọ́n mi wá gba èsì fún un. Ilẹ̀ ń ṣú, bàbá mi ò tíì wọlé. A pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ìyá mi fa búbà wọ̀ wàràwàrà, gbogbo wa sáré dé ẹnu géètì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé, "Ṣé mo sọ fún yín," nígbà tí mo rí ẹnìkan tó yọ ní igun òpópónà, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tòun ti fìlà funfun.

Òun ni. Kò di ẹnikẹ́ni mú. Nígbà tó dé ibi gọ́tà, ó gbé ẹsẹ̀, ó ré e kọjá. Ẹnìkan kí i láti ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ẹni náà gan-an, ó dá a lóhùn. Ó ṣì jìnnà sí wa díẹ̀ nígbà tó dúró.

"Ìyá ọmọ mi," ló sọ, "ta ló ń lé ọ tó o fi wọ búbà lódì?"

A wo ìyá mi. Òótọ́ ni, gbogbo ojú ìránṣọ wà níta. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti dúró tì í láti ìgbà yẹn, a ò rí i. Ìyá mi fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń bẹ ẹnìkan pé kó má bínú, pé àwọn ò ta ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Nígbà tí a wọlé, mo sọ fún ìyá mi pé kó yí búbà rẹ̀ padà. Kò yí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé oúnjẹ wá fún bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó tì í títí ó fi jẹun tán. Ó ní kí bàbá mi máa wò ó bẹ́ẹ̀.